Ká Bá Ẹgbẹ́ Lọ Mẹ́kà, Ká Má Fi Ojú Ẹgbẹ́ Ríran

Ará Ìbàdàn kì í dá Mẹ́kà lọ. Láyé ìfẹsẹ̀rìn, tí àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ wa ń gba ilẹ̀ Haúsá kọjá sí Màídúgùrì, tí wọ́n ń wọ ilẹ̀ Ṣáàdì, tí wọ́n ń la Sùdáànì já kí wọ́n tó dé etí Òkun Pupa, ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìrìn náà ń gbà. Bí owó bá tán lọ́nà, wọ́n á dúró ṣe àgbàṣe lóko olóko ní Sùdáànì títí wọ́n á fi rówó ọkọ̀ ojú omi, àwọn mìíràn ò sì padà wálé mọ́. Àrọ́mọdọ́mọ wọn wà níbẹ̀ dòní. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dé, ẹgbẹ́ náà ni. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ìgbáyégbádùn àwọn tó ń lọ Hájì, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lónìí, ìgbìmọ̀ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà; Àjọ Hájì orílẹ̀-èdè wa, NAHCON, tí òfin ọdún 2006 gbé kalẹ̀, náà wà; bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí NAHCON fún níwèé àṣẹ wà lóríṣiríṣi. Ọ̀dọ̀ èyíkéyìí tí èèyàn bá gbà, yóò bá ọ̀pọ̀ èèyàn rìn ni: wọ́n á jọ wọ ọkọ̀, wọ́n á jọ wọ aṣọ kan náà bí ẹlẹ́gbẹ́jọdá, wọ́n á jọ sùn sí yàrá kan.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń gbéni dé ibi tí à ń lọ kì í mọ nǹkan mọ́ni lórí. Àádọ́ta èèyàn á máa tẹ̀ lé àlùfáà kan, oníkálukú á máa rò pé ẹlòmíràn ti béèrè, pé ẹlòmíràn ti kà á, pé ẹlòmíràn mọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ ni wọ́n máa ń rí i pé kò sẹ́ni tó béèrè. Èyí tí mo sì rò pé ó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í bẹ̀rù láàárín èrò. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń lọ, ì bá ti da ìbéèrè bo gbogbo èèyàn.

Ní Mápó, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, títí dé Beyerunka, ibi àsàlátù ọjọ́ Àìkú ni ìròyìn Mẹ́kà ti ń ràn. Àlàájà tó ti lọ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn ni olùkọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí Kábà po, ó mọ àdúà tí wọ́n ń ṣe ní Àráfà, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń sọ òkò. Ní ti ẹ̀sìn, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ní ti òfin ìrìnnà, ẹ rọra gbọ́ ọ, nítorí Sáúdí tí Àlàájà mọ̀ nígbà náà kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Láyé ọjọ́un, ẹni tó ń lọ a di obì gbàǹja sínú ẹrù, a rí i tà fún àwọn Tákárì, ìyẹn àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń gbé níbẹ̀, a sì fi èrè rẹ̀ ra nǹkan bọ̀ wálé. Bí ẹ bá gbé gbàǹja dé Jẹ́dà báyìí, gbígbà ni wọ́n máa gbà á, ẹni tó gbé e á sì wá sọ tẹnu rẹ̀. NAHCON ti kìlọ̀ títí lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí i nínú ẹrù.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ máhárámù, ìyẹn ọkùnrin tó jẹ́ ọkọ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́ tó yẹ kó tẹ̀ lé obìnrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ Hájì ló ń dúró bíi máhárámù fún àwọn obìnrin wa, Sáúdí sì gbà bẹ́ẹ̀. Lójijì, ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2012, wọn ò gbà á mọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún obìnrin Nàìjíríà ni wọ́n dá dúró sí pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, àwọn kan nítorí pé orúkọ wọn kò bá ti ọkùnrin tó tẹ̀ lé wọn mu. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2022, Sáúdí kan náà kéde pé obìnrin lè wá láìsí máhárámù. Ẹ rí i pé ẹni tó ń fi ìmọ̀ 2005 gba èèyàn nímọ̀ràn ní 2012 ti ṣe é léṣe, ẹni tó sì ń fi ìmọ̀ 2012 gba owó máhárámù lọ́wọ́ èèyàn lónìí, ẹ ní kó fi òfin tó fi ń gbà á hàn yín.

Níbo ni ọ̀rọ̀ tuntun wà, nígbà náà? Ó wà lẹ́nu NAHCON, ó wà ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, ó wà lórí Nusuk, ètò orí fóònù tí ìjọba Sáúdí ń lò fún Hájì àti Úmírà. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ a máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ lọ fúnra yín. Àwọn kan a rán ọmọ lọ gba aṣọ àti báàgì wá, wọ́n á ní àwọn ń tajà lọ́wọ́. Ìpolówó orí rédíò kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ohùn tí ẹnì kan gbà sórí WhatsApp, tí kò dárúkọ, tí kò dá ọjọ́, kì í ṣe ìròyìn.

Owó ni ìlẹ̀kùn tí wàhálà kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Fún Hájì 2025, iye tí NAHCON bù lé arìnrìn-àjò láti gúúsù Nàìjíríà jẹ́ ₦8,784,085. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, àwọn tó ti san nǹkan bí ₦4.9 mílíọ̀nù gbọ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà pé kí wọ́n tún wá fi ₦1.9 mílíọ̀nù lé e, nítorí pé náírà ti já wálẹ̀ níwájú dọ́là. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ti ń dá èésú láti ọdún mẹ́fà ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ajẹ́ǹtì kan á yọjú pé tòun ò tó bẹ́ẹ̀, pé òun mọ ọ̀nà, pé kí ìyá mú ti ọwọ́ rẹ̀ wá ná. Bí iye tí ẹnì kan pè bá fi mílíọ̀nù méjì dín sí ti ìjọba, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó yọ kúrò nínú rẹ̀. Ṣé àgọ́ Mínà ni kò sí níbẹ̀ ni? Ṣé oúnjẹ ni? Àbí físà Hájì fúnra rẹ̀ ni kò sí?

Àwọn ìbéèrè tó kù rọrùn. Ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí NAHCON fún níwèé àṣẹ lọ́dún yìí, kì í ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn? Orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì tí ẹ ń sanwó sí, ti ilé iṣẹ́ ni àbí ti Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá? Òtẹ́ẹ̀lì wo, báwo ló sì ṣe jìnnà sí Haráàmù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, tó? Ọkọ̀ òfurufú wo? Bí físà ò bá jáde, ọjọ́ wo lowó máa padà? Kí ajẹ́ǹtì kọ ìdáhùn sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ajẹ́ǹtì tó bá ní ẹ ò fọkàn tán òun nítorí pé ẹ béèrè rìsíìtì, ẹ ṣọ́ra fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìtìjú, nítorí kò sí ohun tó ń ran àwọn gbájú-ẹ̀ lọ́wọ́ ní ìgboro Ìbàdàn tó o. Kí físà tó jáde, àwọn ọmọ á ti pa àgbò. Wọ́n á ti pe àwọn àlùfáà wá ṣàdúà, wọ́n á ti pín ẹ̀bùn, gbogbo ọjà á ti máa kí ìyá ní "Àlàájà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lọ re, kí ẹ bọ̀ re." Bí ajẹ́ǹtì bá wá sá lọ, ojú wo ni ìyá yóò fi wọ ọjà? Àwọn kan ti sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní ìlú mìíràn títí Hájì fi kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n padà wá láìsọ nǹkan kan, tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní Àlàájà lọ. Wọn ò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọn ò kọ ìwé ẹ̀sùn sí NAHCON, ajẹ́ǹtì náà á sì tún rí ẹlòmíràn mú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí físà dé ọwọ́ yín ná kí ẹ tó pa àgbò. Bó bá di pé wọ́n lu yín ní jìbìtì pẹ̀lú, ojú olè ló yẹ kó tì.

Físà náà, ẹ kà á. Ti Sáúdí òde òní kì í ṣe òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sínú pásípọ́ọ̀tù mọ́. Bébà kan lásán ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Bó bá ti wọ fóònù yín, ẹ gbé e lọ bá àwọn ọmọ tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Bẹẹrẹ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ. Mùíbátù tí wọ́n kọ ní Muibat sínú pásípọ́ọ̀tù, tí wọ́n wá kọ ní Mohibat sórí físà, ọ̀rọ̀ kékeré ni nílé, ọ̀rọ̀ ńlá ni ní Jẹ́dà. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, ẹ fi ìka tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, irú físà tó jẹ́. Ibí yìí làwọn àgbà wa tí kò ka ìwé òyìnbó ti ju àwọn ọmọ wọn lọ, nítorí ẹni tó ti jókòó ní ilé kéwú ní Ọjà'ba lè ka ìlà ti Lárúbáwá. Bó bá jẹ́ ti Hájì, háà àti jíìmù lẹ máa rí. Bó bá jẹ́ síyárà ló wà níbẹ̀, àbẹ̀wò ni wọ́n fún yín láàyè láti ṣe, kì í ṣe Hájì, ohunkóhun tó wù kí ajẹ́ǹtì wí. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú pé bébà náà kì í ṣe ayédèrú, ọmọ kan tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò lè fi nọ́ńbà rẹ̀ wò ó lórí ìkànnì físà ti iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Sáúdí.

Kì í ṣe tìtorí ìwé nìkan ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ físà. Ní oṣù Òkúdù 2024, ooru Mẹ́kà gòkè dé ìwọ̀n 51.8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìjọba Sáúdí ní èèyàn 1,301 ló kú nínú Hájì ọdún náà, àti pé nínú 100 wọn, 83 ni kò gba àṣẹ Hájì. Àìgbàṣẹ ò lè pa èèyàn fúnra rẹ̀. Oòrùn ló ń pa á. Ẹni tí kò gbàṣẹ kò ní àgọ́ tó tutù tó lè sá sí, kò sí lára àwọn tí bọ́ọ̀sì ń kó, ẹsẹ̀ ló fi ń rin ọ̀pọ̀ kìlómítà nínú oòrùn, ó sì ń sá fún ọlọ́pàá nígbà tó yẹ kó sá lọ bá dókítà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Sáúdí kéde pé ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń ṣe Hájì láìgbàṣẹ yóò san ìtanràn tó lè dé 20,000 ríyàlì, àti pé àlejò tí wọ́n bá dá padà kò ní í fojú kan ilẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́wàá. Ajẹ́ǹtì tó ta físà síyárà fún ìyá yín, ní gbogbo àsìkò yẹn, Ìbàdàn ló wà.

Ẹrù ló kàn. Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ òfurufú mọ̀. Ní ìparí 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tẹ̀ lé àwọn ẹbí rẹ̀ láti Kánò lọ ṣe Úmírà. Mọ̀dínà ni ọlọ́pàá ti wá mú un: báàgì kan tí kò fojú rí rí ti dé, oògùn tramadol wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára táàgì tí wọ́n so mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ Kánò ló ti fi orúkọ rẹ̀ gbé ẹrù tiwọn. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ló tó jáde, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sí i. Ní 2025, àwọn kan tún fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ so báàgì mọ́ orúkọ àwọn èèyàn tó ń lọ sí Sáúdí láti Kánò kan náà, àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ sì wà látìmọ́lé ní Jẹ́dà títí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, fi rí àwọn ọ̀daràn náà mú, tó sì bá ìjọba Sáúdí sọ̀rọ̀. Orí ni Sáúdí ń bẹ́ fún ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọlé. Wọn ò bẹ̀rù àgbà, wọn ò bẹ̀rù obìnrin.

Ẹni tó bá ẹgbẹ́ rìn ni irú èyí rọrùn láti ṣe sí, nítorí olórí ẹgbẹ́ á gba gbogbo pásípọ́ọ̀tù, á lọ sí orí káńtà, á gba gbogbo táàgì papọ̀. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé ẹrù yín sórí òṣùwọ̀n. Bí báàgì yín bá jẹ́ méjì, táàgì méjì ni kó jáde. Bí wọ́n bá fún yín ní mẹ́ta, ẹ pariwo. Ẹ ya fọ́tò báàgì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú táàgì tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú àjákù bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ọkọ̀ yín títí ẹ ó fi padà dé ilé. Ẹrù ẹlẹ́rù ńkọ́? "Ẹ bá mi fún ẹ̀gbọ́n mi ní Mẹ́kà." Ẹ má bá wọn gbé e, bó ṣe gààrí lásán ni. Mo mọ̀ pé ó ṣòro ní àdúgbò tí gbogbo wa ti jẹ́ mọ̀lẹ́bí, pàápàá bó bá jẹ́ àgbà ló gbé e wá. Àwọn míì sì ń bẹ tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ fi Hájì bojú: ní 2024, NDLEA mú àwọn mẹ́rin ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó, tí wọ́n fẹ́ gbé kóòkéènì mì kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sí Sáúdí. Ẹ ò mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ wọ aṣọ kan náà.

Oògùn tiyín náà gba ìṣọ́ra. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ tú oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀ sínú ọ̀rá. Kó wà nínú páálí, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀, kó wà nínú báàgì ọwọ́, kó sì tó lò kọjá ọjọ́ tí wọ́n ní ẹ máa padà, nítorí ọkọ̀ Hájì lè yẹ ọjọ́. Àgúnmu tí ẹ rà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ ní Ọjà'ba, ilé ni kó jókòó sí. Ẹ̀tù dúdú tàbí funfun nínú ọ̀rá tí kò lórúkọ, tí ẹ ò lè fi Lárúbáwá ṣàlàyé, kí lẹ fẹ́ sọ fún aṣọ́bodè?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn pọn dandan, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gúnlẹ̀, nítorí ara nílò ọjọ́ wọ̀nyẹn kó tó lágbára. Ti ibà pọ́njú náà wà níbẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń ra káàdì láìgbabẹ́rẹ́. Ní ọdún 2000, oríṣi yírùnyírùn kan tí wọ́n ń pè ní W135 bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn oníhájì, ó sì bá wọn padà sílé dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó ran ará ilé tí kò lọ ibì kankan. Látìgbà náà ni Sáúdí ti ń béèrè abẹ́rẹ́ tó bo oríṣi mẹ́rin. Káàdì tí ẹ rà á mú yín wọlé. Kò ní í mú àìsàn jìnnà sí ọmọ-ọmọ yín.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín, ó lè má padà títí di ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà mìíràn sì wà nílé. Káàdì tí wọ́n fi kọ́ yín lọ́rùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fún yín ni ìdánimọ̀ yín, ẹ má bọ́ wọn sílẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ wẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gba káàdì òtẹ́ẹ̀lì náà níwájú tábìlì wọn, èyí tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ àdírẹ́sì sí. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà yàrá yín sẹ́yìn rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù olórí ẹgbẹ́. Bí fóònù bá kú, bébà kì í kú.

Láàárín Haráàmù, kò sí ohun tó burú tó "a ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà." Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀ ju àwọn agboolé tó yí Mápó ká lọ, nọ́ńbà sì wà lára olúkúlùkù wọn. Ẹnu ọ̀nà Ọba Abdulaziz ni nọ́ńbà 1, ti Ọba Fahd ni nọ́ńbà 79. Ẹ mú nọ́ńbà kan, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ẹ sì fi ẹnu kò sí àsìkò. Ní Mínà, àgọ́ funfun ló lọ salalu, ìkíní ò yàtọ̀ sí ìkejì. Nọ́ńbà tó wà lára òpó tó súnmọ́ àgọ́ yín ni ẹ máa há sórí. Bí ẹ bá sọnù, ẹ gbìyànjú Haúsá. Àwọn tó ń gbọ́ Haúsá ní Mẹ́kà pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹni tó ti ná ọjà pẹ̀lú àwọn Haúsá Sábó kò ní í ṣàìrí ẹni tó máa dá a lóhùn. Fún ẹni tó dákú tàbí tó ṣubú, 997 ni nọ́ńbà ọkọ̀ aláìsàn.

Ọjọ́ òkò ni mo bẹ̀rù jù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2015, ní Mínà, èrò tó ń gba òpópónà 204 pàdé èrò tó ti òpópónà 223 bọ̀, kò sí àyè láti padà sẹ́yìn, wọ́n sì tẹ ara wọn pa. Èèyàn 769 ni Sáúdí kà. Nígbà tí àwọn oníròyìn ro iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ pọ̀, ó lé ní 2,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú wọn sì ju 200 lọ. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti túbọ̀ mú ètò àsìkò le: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ béèrè wákàtí tiyín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìyálẹ̀ta nìkan ni ládá wà. Arúgbó àti aláìsàn lè fi ẹlòmíràn ṣe aṣojú láti bá wọn sọ òkò, gbogbo àlùfáà ló mọ èyí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa a máa rò pé ó dà bí àbùkù. Bí ẹ bá rí i pé èrò ti dúró níwájú tí àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń tì, ẹ má gbógun ti èrò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú bàtà tó jábọ́. Ẹ kó apá jọ síwájú àyà kí ẹ lè rí èémí mí, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ yọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ará ilé ní iṣẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn ìjàm̀bá 2015, ọ̀pọ̀ ẹbí káàkiri ayé ló ń wá èèyàn wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ nílé kọ́ ló wà nínú ìwé. Ìyá tí gbogbo Beyerunka mọ̀ sí Ìyá Ọlọ́mọge, kí lorúkọ rẹ̀ nínú pásípọ́ọ̀tù? Kí ọmọ kan nílé ní bébà kan lọ́wọ́: orúkọ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, òtẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà olórí ẹgbẹ́ àti ti ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní yàrá, oògùn tí ìyá ń lò àti ohun tí ara rẹ̀ kò gbà. Kí gbèsè tí ìyá jẹ àti èyí tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ti ń ṣe àsọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáyé. Ẹ tún fi ẹnu kò sí àsìkò tí ẹ ó máa pe ara yín, kí ará ilé má baà sá sókè sá sódò nítorí ohùn kan tó jáde lórí WhatsApp pé "ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀ ní Mínà", tó sì lè jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ẹni tó ń bá ìjọ rẹ̀ lọ Jerúsálẹ́mù, tàbí tó ń bá ẹgbẹ́ ọlọ́jà lọ Dùbáì, lè yọ tirẹ̀ nínú èyí. Ti Jerúsálẹ́mù tilẹ̀ fẹ́ kí èèyàn máa gbọ́ ìròyìn ogun lójoojúmọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà 2023.

Ọjọ́ tí àwọn oníhájì bá dé, ìlù á máa dún láti Mápó sọ̀kalẹ̀, eyín góòlù á máa tàn, omi sámúsámù á máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bí ibà bá mú ẹni tó dé, tàbí tí ikọ́ ń dà á láàmú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó dé, ẹ má dúró ti àgbo. Àrùn èémí kan wà tí wọ́n ń pè ní MERS, Sáúdí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 2012, ara ràkúnmí ló sì ti ń ran èèyàn; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn oníhájì pé kí wọ́n má mu wàrà ràkúnmí tí wọn ò sè. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà sì jẹ́ pé Sáúdí ló ti dé, àti ọjọ́ tó dé, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ibà lásán fún un.